Ẹni Mẹ́ta Tí Wọ́n Rán Lọ Wo Ìlú Gàgàrà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí yóò bá wúkọ́, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò kaná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí gba gbogbo etí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì nínú ẹrẹ̀ títí tí ìyàwó ẹfọ̀n fi wá bẹ̀ mí pé kí n fi ọkọ òun sílẹ̀. Mo ti sùn nínú ihò àpáta kan náà pẹ̀lú erè, erè ló sì sá jáde, ó ní ìhanrun mi pọ̀ jù. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò dé ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ yìí. Ọ̀gá mi ni ó dé ibẹ̀, Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tí ó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan nìkan ni ó máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó jókòó yí i ká kí ó tó ya ẹnu.

Ìlú Ìdí-Ìyeyè ni Ọdẹ́jìnmí ń gbé. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ìsun omi kan wà lẹ́yìn ìlú tí kì í gbẹ, bí ọ̀dá tilẹ̀ dá ní ọdún mẹ́ta léraléra. Ìkọjá igbó ńlá tí ó wà ní ìlà-oòrùn wọn ni Gàgàrà wà, ìlú alágbára tí ìlú mẹ́rìnlélógún ń wárí fún. Kò sí ará Ìdí-Ìyeyè kan tí ó dé Gàgàrà rí, kò sì sí ẹni tí kò lè júwe rẹ̀ fún ọ. Àwọn Mùsùlùmí ní ìlú àwọn ni, pé bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àwọn ń gbọ́ ìpè ìrun láti ibẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ní irọ́ ni, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni ọyẹ́ ń gbé bọ̀. Àwọn olórìṣà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní owú alágbẹ̀dẹ Ògún ni gbogbo wọn ń gbọ́, pé ibẹ̀ ni baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fi Gàgàrà halẹ̀ mọ́ èkejì. Bí àwọn obìnrin méjì bá jà nídìí omi, ìwọ yóò gbọ́ tí ọ̀kan ń ké pé, "Jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa ti Gàgàrà dé ná, ojú rẹ á rí màbo!"

Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ dé sí ààfin láti Gàgàrà. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba inú igbó wá sí ìdí ìsun omi náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, Ìdí-Ìyeyè yóò wà lábẹ́ ààbò àwọn. Kí ìlú rán ẹni mẹ́ta wá wo bí àwọn ti rí. Bí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti fi ẹnu ara wọn wí pé "bẹ́ẹ̀ ni," ọ̀rọ̀ parí, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀.

Kábíyèsí mú ẹnì kọ̀ọ̀kan láti àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú Lámídì, àlùfáà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó mú Jòsáyà, bàbá ìjọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, ti kú ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, tí kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó mú Ọdẹ́jìnmí, ẹni tí ó ń bọ Ògún, nítorí òun ni ó mọ igbó, òun sì ni àgbà láàárín wọn.

"Mo bẹ̀ yín," ni Kábíyèsí wí, "ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ wá sọ fún mi. Èyí tí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó lọ, mo ti gbọ́ ọ tó."

Inú Ọdẹ́jìnmí dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé àwọn méjèèjì yòókù ni Kábíyèsí ń bá wí, pé òun, ọdẹ, ni ó ń rí ayé bí ayé ti rí. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ojú sì ń tì í bí ó ti ń sọ ọ́.

Igbó Ọ̀rọ̀-Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Ewé igi kì í mì, ṣùgbọ́n àwọn igi náà ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tí o mọ̀ ni wọn yóò sì fi sọ ọ́. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Jòsáyà fi gbọ́ ohùn Lámídì láti inú ìrókò kan: "Àwọn Jòsáyà yẹn? Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti dí wọn létí." Igi araba kan dáhùn pẹ̀lú ohùn Jòsáyà: "Lámídì ń forí gbálẹ̀ lójoojúmọ́, ìwọ̀nba ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ló ń dà sílẹ̀." Kí wọ́n tó yíjú padà, ohùn Ọdẹ́jìnmí ti ń rọ̀jò lé wọn lórí láti inú igi márùn-ún: "Àwọn tó ta òrìṣà baba wọn nítorí ìwé tí wọn kò lè kà tán! Ẹ wò wọ́n!"

Jòsáyà ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó wá kùmọ̀. Ojú Lámídì pọ́n. Ibi tí wọ́n sì dúró sí, Ọdẹ́jìnmí rí egungun ènìyàn méjì lábẹ́ ewé, ọwọ́ èkíní ṣì wà lọ́rùn èkejì.

"Ẹ dúró!" ni ó ké. "Ṣé a kò sọ ọ́ ni? A sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ́ lójú ara wa kí a wo ohun tí igi yóò tún wí."

Bí wọ́n ṣe kojú sí ara wọn nìyẹn, tí kálukú ń tú èébú tí ó ti ń bú èkejì láti ọdún yìí wá. Bí a bá ti wí ọ̀kan tán, igi kan á pa ẹnu dé. Wọ́n bú ara wọn títí tí ẹnu wọn fi gbẹ. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Lámídì rántí ohun kan tí ó sọ nípa irùngbọ̀n Jòsáyà ní ìgbà èwe wọn, ẹ̀rín sì gbé e lulẹ̀. Igbó náà dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n kọjá.

Lẹ́yìn igbó náà ni wọ́n kan odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn láìdún. Arúgbó obìnrin kan jókòó létí rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

"Aṣọ wo ni mò ń fọ̀?" ni obìnrin náà bèèrè.

"Láwàní ni," ni Lámídì wí.

"Láwàní kẹ̀?" ni Jòsáyà wí. "Aṣọ funfun akọrin nìyẹn."

Ọdẹ́jìnmí wò ó dáadáa. Ẹ̀wù gbérí ọdẹ ni ó rí lọ́wọ́ obìnrin náà, èyí tí a pa láró, tí a rán ońdè mọ́ láyà. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì ní ohùn, èjìká rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. "Ẹ máa kọjá," ni ó wí. "Irú yín gan-an ni wọ́n ń retí." Nígbà tí wọ́n la omi náà já, Ọdẹ́jìnmí bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ obìnrin náà ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n dé Gàgàrà, nínú kùrukùru ọyẹ́. Kí wọ́n tó rí odi ìlú, kálukú ti gbọ́ ohun tí ó wá gbọ́. Lámídì wólẹ̀, ó ní, "Allahu akbar, ẹ gbọ́ ìpè!" Omi bọ́ lójú Jòsáyà nítorí agogo. Ní ti Ọdẹ́jìnmí, owú ni ó gbọ́, owú lórí irin, gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, bí ó ti máa ń dún ní àgbẹ̀dẹ baba rẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré. Ó wo àwọn méjèèjì, àánú wọn ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí ó lè mọ̀ láti ara ewé tí ó tẹ̀ pé àgbọ̀nrín tó kọjá lóyún, òun náà kò mọ̀ pé wọ́n ti mú òun.

Àwọn ará Gàgàrà jáde wá pàdé wọn, wọ́n pín sí mẹ́ta, wọ́n sì mú kálukú lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n mú Ọdẹ́jìnmí lọ sí àgbẹ̀dẹ kan tí ó ga bí ààfin. Ọkùnrin tí ó wà nídìí owú yíjú padà. Baba rẹ̀ ni. Baba rẹ̀ tí ó ti kú ní ogún ọdún ó lé.

"Ọmọ mi," ni baba rẹ̀ wí, "o káre. Kò sí ọdẹ tó dà bí rẹ lábẹ́ ọ̀run."

Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n fún un ní ẹran àti ẹmu. Baba rẹ̀ fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ìlú rẹ nìyí. Jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún wa, kí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Ọdẹ́jìnmí. Ó wolẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, bí ènìyàn ti máa ń wolẹ̀ níwájú baba rẹ̀, ó sì rí eérú tó bo ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ náà.

Ẹkùn ti bu baba Ọdẹ́jìnmí ṣán lẹ́sẹ̀ òsì nígbà ayé rẹ̀. Ó ń fa ẹsẹ̀ náà títí tí ó fi kú. Ọmọ rẹ̀ lè fi ipasẹ̀ rẹ̀ dá a mọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ipasẹ̀ tí ó wà nínú eérú yìí gún régé. Ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ìka. Ipasẹ̀ ẹni tí ó gbé ẹmu wá rí bákan náà. Ti ẹni tí ó gbé ẹran wá rí bákan náà.

Ọdẹ́jìnmí rọra bèèrè pé, "Baba, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa ẹran, tí mo gbé e wá síwájú yín, kí ni ẹ sọ?"

"Mo ní o káre, ọmọ mi," ni ohun náà wí pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, baba rẹ̀ kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó gba ẹran náà, ó bó o, kò wo ojú ọmọ. Kò yin ọmọ náà lọ́jọ́ kan, kò yìn ín títí tí a fi sin ín. Gbogbo ohun tí Ọdẹ́jìnmí ti ń fi ogójì ọdún retí láti gbọ́ ni ohun tí kò ní ìka ẹsẹ̀ yìí ń sọ fún un. Ọ̀gá mi ní ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba ènìyàn kí ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà kan náà. Ó dìde. Ó rìn jáde. Wọn kò dá a dúró. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí ó ti dé ìta, ìlú náà ti yí padà lójú rẹ̀. Kò rí ilé ńlá kankan mọ́, pápá gbígbẹ ni ó rí. Ó rí Lámídì lókèèrè tí ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, àwọn nǹkan gígùn sì dúró yí i ká bí òkìtì ọ̀gán, ojú wọn tẹ́jú bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

"Àlùfáà, dìde. Ibí yìí kò dára."

"Ẹ má bínú o, Bàbá Ọdẹ," ni Lámídì wí. "Ojú tí ẹ fi ń wo mọ́ṣáláṣí kò lè rí i. Mi ò bá yín wí."

"Òótọ́ ni, n kò mọ ohun tó wà nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ ọ́n. Ṣé ibì kan wà níbẹ̀ tí kò yé ọ dáadáa, tí o máa ń ṣì?"

Ó wà. Láti kékeré ni ibì kan nínú súrà kan ti máa ń dàrú mọ́ Lámídì lẹ́nu. Ẹgba tí ó jẹ nítorí rẹ̀ kò lóǹkà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ní kí Lèmọ́mù tí ìwọ ń rí yẹn ké ibẹ̀ fún ọ."

Lámídì fi ọ̀wọ̀ bẹ Lèmọ́mù náà. Ohùn tó bẹ̀rẹ̀ dùn bí oyin, ó ń lọ geere, títí tó fi dé ibẹ̀. Ó dúró. Ó wúkọ́. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún wúkọ́, ó tún padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn tí wọ́n dúró yí i ká wúkọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lámídì di ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí mú. "Ikọ́ mi ni," ni ó wí. "Bí mo ṣe ń wúkọ́ nìyẹn bí mo bá dé ibẹ̀."

Wọ́n sáré wá Jòsáyà. Wọ́n bá a níbi tí ó jókòó sí lórí kùkùté igi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún, àwọn nǹkan gígùn sì tò ní ìlà mẹ́rin níwájú rẹ̀, wọ́n ń kọrin. Orin náà dùn. Ẹsẹ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Nígbà tó kan ẹsẹ ìkẹrin, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, wọ́n ń kùn hùn-ún hùn-ún bí oyin.

"Jòsáyà!" ni Lámídì ké. "O ò gbọ́? Wọn ò mọ̀ ọ́n! Ohun tí ìwọ mọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀!"

"Mo gbọ́," ni Jòsáyà wí. Kò wẹ̀yìn. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti gbọ́. Àyọ̀ká ló wà nínú ìlà kejì yẹn."

"Kì í ṣe òun, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún wọn?"

"Mo ti jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin, ẹ má jẹ́ ẹ." Ó wá yíjú sí wọn, ojú rẹ̀ dákẹ́, kò dà bí ti ẹni tí a mú. "Lámídì, sọ fún ìyá mi pé ẹ ò fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo jókòó."

Lámídì gbá a mú lápá, ó fẹ́ wọ́ ọ. Kò mì. Ó wúwo bí àpáta. Ọdẹ́jìnmí bojú wo ilẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn nínú iyẹ̀pẹ̀, ìka rẹ̀ ti ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó fa Lámídì kúrò níbẹ̀, Lámídì sì ń sunkún sókè.

Lẹ́nu ibodè, gbogbo Gàgàrà bèèrè pẹ̀lú ohùn kan, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá," ni àwọn méjèèjì wí.

Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Ọ̀gá mi ní ì bá sàn kí wọ́n lé àwọn.

Ẹ̀yin rò pé inú ìlú dùn nígbà tí àwọn méjèèjì délé, tí wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n rí? Ẹ tẹ́tí. Àwọn onígbàgbọ́ kó àdá jáde. "Mùsùlùmí kan àti abọgibọ̀pẹ̀ kan padà dé," ni wọ́n ń pariwo, "tiwa dà? Wọ́n ti pa á!" Àwọn Mùsùlùmí ní ọdẹ ti fi oògùn sí Lámídì lójú, pé Gàgàrà ti àwọn yòókù lè jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n tàwọn kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn olórìṣà kò jẹ́ kí Ọdẹ́jìnmí wọ ojúbọ mọ́. Wọ́n ní baba rẹ̀ pè é, ó sì kọ ẹ̀yìn sí baba rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ kí àwọn mẹ́ta tó lọ ni wọ́n ṣì mọ̀.

Lìdíà, ìyá Jòsáyà, ni ó jáde sáàárín àwọn àdá náà. Arúgbó ni, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó lọ dúró níwájú Lámídì.

"Lámídì, ilé mi lo ti dàgbà. Wò mí lójú. Kí ló rí níbẹ̀ tó fi dúró?"

"Àyọ̀ká ni, mà."

Màmá náà mí kanlẹ̀. "Wọn ò pa ọmọ mi," ni ó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń wá ẹni tó máa tàn án jẹ. Ẹ kó àdá yín wọlé." Ó tún wí pé, "Bí àwọn ará Gàgàrà bá rán ẹnì kan wá síbí, kí àdúgbò kankan má dá gbà á lálejò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lọ pàdé rẹ̀ nídìí omi, kí ẹ dúró ní àdàlú. Kálukú kó di ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ mú, kó sì sọ ohun tó bá rí sókè."

Kábíyèsí gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀sán, ohun kan jáde látinú kùrukùru.

"Láwàní ni mo rí," ni ọkùnrin kan ké.

"Kọ́là àlùfáà ìjọ ló wà lọ́rùn rẹ̀," ni obìnrin tó di ọwọ́ rẹ̀ mú wí.

"Màrìwò ni! Màrìwò ló wọ̀!"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ti ń kọlu ara wọn, ohun náà ń gbọ̀n, ó ń yọ síhìn-ín, ó ń yọ sọ́hùn-ún bí aṣọ nínú ìjì, ojú rẹ̀ ń wá, ó ń lọ. Àwọn mìíràn di ojú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́ lára ara wọn. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó kù níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pé mẹ́wàá. Okùn gígùn kan tí a ta ní kókó-kókó, irú èyí tí a fi ń wọn nǹkan, wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ fún mi lómi mu."

Wọ́n fún un. Ó mu igbá mẹ́ta kí ó tó mí.

"Kí ni okùn yẹn wà fún?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Omi yín ni wọ́n ní kí n wá wọ̀n. Tiwa ti gbẹ."

"Ẹ̀sìn wo ni ọba yín ń ṣe?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "N kò rí ọba wa rí, Kábíyèsí. Òùngbẹ ló ń gbẹ wá."

Kábíyèsí wá wí pé, "A kò fún yín lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó gbé ìkòkò lérí, kó wá pọn ọ́n bí aládùúgbò. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Màá sọ ọ́. Bóyá wọ́n á gbọ́, n kò mọ̀."

Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, Lìdíà fa aṣọ rẹ̀. "Ọmọ mi, ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ yín, orí kùkùté ló jókòó sí. Ṣé o máa ń rí i?"

"Mo máa ń rí i, ìyá. Ó ń kọrin. Àwa tí a jẹ́ ènìyàn níbẹ̀ máa ń dúró gbọ́ ọ bí a bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Bí a bá rántí gbé e fún un."

Màmá náà padà sílé, wọ́n sì dúró dè é. Ó di ẹ̀kọ àti ẹja sínú ewé, ó dì í pọ̀ dáadáa, ó gbé e lé ọkùnrin olókùn náà lọ́wọ́, kò tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin náà wọ kùrukùru tán, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan nídìí omi, ó ní òun kò tíì fẹ́ relé. Lámídì jókòó tì í. Nígbà tí àkókò ìrun tó, Lámídì fi omi náà ṣe àlùwàlá, ó kírun níbẹ̀, màmá sì dúró dè é títí ó fi parí. Wọ́n wá jọ wọlé.

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, bí mo sì ti gbọ́ ọ ni mo sọ ọ́. Títí di òní, Gàgàrà kò tíì la ọ̀nà wá. Wọn kò sì tíì sọ pé àwọn kò ní í là á. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Èmi náà fẹ́ lọ mu omi.